Olú ẹ̀dá ìtàn mi kò dàgbà láti orí kìíní dé orí ọgbọ̀n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ langba, àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 13 sí 18. Ìtàn abàmì ni, àdììtú sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tú. Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ ọdún 15, ni olú ẹ̀dá ìtàn. Bó bá fọwọ́ kan nǹkan, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó di nǹkan náà mú gbẹ̀yìn sọ kó tó gbé e sílẹ̀ ni yóò gbọ́. Etí adágún ni ìlú wọn wà. Agogo ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lù lálaalẹ́ kí ohun tó wà nínú omi má baà jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, alágogo pòórá. Bẹ́ẹ̀ agogo dún lálẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bó ti máa ń dún. Ta ló lù ú? Ibo ni alágogo wọlẹ̀ sí?

Àwọn tó tún ṣe pàtàkì: Àjàdí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí irọ́ pípa kò ni lára, Tèmítọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, àti Olùkọ́, tó tọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ àti Tèmítọ́pẹ́ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn. Olùkọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò hàn títí di orí 27.

Mo ti fún àwọn kan kà. Wọ́n ní ó dùn. Àmọ́ gbogbo wọn ló ní Mọ́rẹ̀nikẹ́ tí àwọn bá pàdé ní orí kìíní náà ni àwọn kí pé ó dàbọ̀ ní orí ọgbọ̀n, kò sí ohun tó yí padà ju pé ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ. Wọ́n tún ní kí ló dé tí kò kàn wọ ilé alágogo lọ, kó fọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí ìtàn parí ní orí kẹta. Mo ti fi ẹkún kún un. Mo ti jẹ́ kó máa ronú lóru. Kò yanjú. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Àdììtú
Àbúrò, ìṣòro kan ṣoṣo lo ní, kì í ṣe méjì. Ẹ̀bùn ọmọ yìí kò ní ààlà, ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sì ní àléébù. Ibi tí ẹ̀bùn bá ti kùnà la ti ń rí ìwà.

Jẹ́ ká bi ara wa ná: ọmọ tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára nǹkan láti kékeré, irú èèyàn wo ni yóò dà? Kò ní í máa bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Kí ni yóò máa bi wọ́n sí, nígbà tí ife tí wọ́n fi mumi ti sọ fún un? Yóò máa wo ọwọ́ èèyàn, kò ní í wo ojú wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yóò máa wá ohun tí wọ́n máa gbé sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀bùn náà ló sì bí i. Nítorí náà, ẹ̀bùn kọ́ ló yẹ kó tú àdììtú yìí. Ọjọ́ tó bá jókòó ti ẹnì kan, tó béèrè ọ̀rọ̀, tó sì mú sùúrù títí onítọ̀hún fi dá a lóhùn, ọjọ́ náà ni kí ojútùú dé.

Ta ni ẹni náà? Ó ti wà nínú ilé. Ohunkóhun tí Tèmítọ́pẹ́ bá dì mú máa ń dákẹ́ lọ́wọ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́, ó sì ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé àbúrò òun kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ Tèmítọ́pẹ́ ló rí ẹni tó lu agogo.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Háà! Ẹ̀gbọ́n, mo dìde dúró. Mo kàn fi Tèmítọ́pẹ́ síbẹ̀ kí àánú lè máa ṣe òǹkàwé ni o.

Ṣọ̀rọ̀sọ̀rọ̀
Ohun tí kò dáa nìyẹn, má bínú sí mi. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tí à ń fi wá omijé. Fún un ní ohun tó fẹ́, fún un ní ẹni tó kórìíra, jẹ́ kó ṣàìgbọràn lẹ́ẹ̀mejì kí ìwé tó dé ìdajì. Òǹkàwé yóò sì béèrè pé bó bá rí ọ̀daràn, èéṣe tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó fọwọ́ júwe? Bó o bá ní ó bẹ̀rù, a ó ní o wá ọ̀nà àbáyọ. Ìdáhùn tó máa dùn jù ni pé ó ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi èédú yàwòrán rẹ̀ sára ògiri láti orí kẹrin. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń kọjá lára ògiri yẹn lójoojúmọ́.

Akọ̀wé Kóòtù
Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lẹ́. Ta ló ní dandan ni kí olú ẹ̀dá ìtàn yí padà? Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lọ́jọ́ lórí, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe wọlé ló ṣe jáde. Ìlú tó wọ̀ ló dàrú tó sì tún tò. Òǹkàwé kò bínú. Àdììtú ló wá rà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni idán inú rẹ̀. Ronald Knox, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́dún 1929 fún irú ìtàn yìí. Òfin kejì ni pé agbára tó ju ti ẹ̀dá lọ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Òfin kẹjọ ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí àmì kankan tí òǹkàwé kò ní í rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí a bá fi òfin kejì yẹn wọn ìtàn rẹ, ó ti kú lójú ewé kìíní.

Bàbá Àdììtú
@Akọ̀wé Kóòtù, òfin kejì ń ṣiṣẹ́ fún òfin kẹjọ ni. Ohun tí Knox ń sá fún ni iwin tó ń já bọ́ láti òkè lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Bí òǹkàwé bá ti mọ ìlànà iwin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ mọ́. Brandon Sanderson, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn abàmì, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde lọ́dún 2007: bí òǹkàwé bá ṣe lóye idán tó, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi idán náà yanjú ìṣòro tó. Ìtàn ẹlòmíràn lè fi idán sínú òkùnkùn kó sì dùn. Tìrẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò, nítorí pé o fẹ́ kí òǹkàwé bá ọ tú u.

Nítorí náà, kí orí kẹta tó parí, kí a ti rí ẹ̀bùn náà lẹ́nu iṣẹ́ kí a sì mọ ibi tó mọ. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ nìkan ló ń gbọ́, kì í gbọ́ èrò ọkàn. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ni. Bí ẹlòmíràn bá sì ti gbé nǹkan náà, ti ẹni àkọ́kọ́ ti parẹ́. Ìyẹn ló dáhùn ìbéèrè àwọn tó bá ọ kà á. Ó fọwọ́ kan gbogbo nǹkan nílé alágogo lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wá a kiri ti tú ilé náà kó tó dé. Ó gbé fìtílà, ó gbọ́ "ẹ bá mi sún un kẹ́rẹ́." Ó gbé bàtà, ó gbọ́ ẹni tó ń sín. Òǹkàwé á rẹ́rìn-ín, á sì ti kọ́ òfin náà láìmọ̀.

Ó wá ku ibi tó dùn mọ́ mi jù. Ta ló mọ òfin ẹ̀bùn yìí yàtọ̀ sí Mọ́rẹ̀nikẹ́? Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà mọ bí etí rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ lè di ọ̀pá alágogo mú, kó pa irọ́ kan sí i lára, kó sì rọra gbé e síbi tí ọmọ náà yóò ti rí i.

Adékíkà
Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá di nǹkan mú tó ń kọrin ńkọ́? Ṣé orin ni yóò gbọ́?

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Orin ni 😂 Mo ti jí i, ẹ má béèrè owó.

Ìyá Ìkàwé
Ẹ káàsán gbogbo ilé. Èmi kì í kọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń bá kàwé, nítorí náà ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni màá sọ.

Wọn kì í fẹ́ kí àgbà wá bá wọn tú àdììtú. Bí ó bá ti di pé ìyá arúgbó kan jókòó tó ń la gbogbo rẹ̀ yé wọn, ìwé náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun kejì tí wọ́n kórìíra ju ti àkọ́kọ́ lọ ni ọmọ tó di àgbà lóru ọjọ́ kan. Àwa òǹkàwé àgbà la máa ń rò pé ìdàgbàsókè ni kí ọmọ ọdún 15 máa sọ̀rọ̀ bí ẹni àádọ́rin ọdún. Kó bínú, kó sọ ohun tí kò yẹ, kó bẹ̀bẹ̀ lọ́nà tí kò dán mọ́rán. Kó máa ṣe ọmọ síbẹ̀ ní orí ọgbọ̀n, kó kàn jẹ́ pé ohun kan wà tó ń ṣe báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Olùkọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ìwé yìí wà. Ní ọjọ́ orí yẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ gan-an ni pé ó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹni tó tọ́ òun jẹ́ èèyàn. Èèyàn tó lè bẹ̀rù, tó lè purọ́, tí ó sì fẹ́ràn òun lóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Olùkọ́ bá jẹ́ ìkà ọ̀dájú tó ti ń fi ìwà rere bojú láti ọjọ́ yìí, Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ju kó kórìíra rẹ̀ lọ, ìyẹn sì rọrùn jù. Fún Olùkọ́ ní ìdí tí a ó fi káàánú rẹ̀. Báwo ni òbí àwọn ọmọ yìí ṣe kú? O kò sọ. Bó bá jẹ́ pé inú adágún ni, ní alẹ́ kan tí agogo kò dún, nítorí pé Olùkọ́ ló dá alágogo dúró ní ilé rẹ̀ tí wọ́n ń ta ayò ńkọ́? Ó gba àwọn ọmọ náà tọ́ nítorí ẹ̀bi. Nísinsìnyí alágogo ti darúgbó, ó fẹ́ jẹ́wọ́ fún Mọ́rẹ̀nikẹ́ kó tó kú. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Bí ìjà ṣe dé nìyẹn.

Ó sì dáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́. Olùkọ́ ló lu agogo lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé kò lè jẹ́ kí agogo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Ìyá wa, ẹ ṣé púpọ̀. N kò ní ìdí kankan fún Olùkọ́ tẹ́lẹ̀ ju pé ó fẹ́ agbára adágún lọ. Mo ti pa ìyẹn rẹ́.

Ọmọ Ọdẹ
Kò sẹ́ni tó ti mẹ́nu kan Àjàdí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938, ẹ rántí àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó: Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Kàkò ní kùmọ̀, Ẹ̀lẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ̀bùn wọn la fi ń dá wọn mọ̀, ó sì bá ìtàn ìrìn-àjò mu, nítorí ewu kọ̀ọ̀kan ń pe ẹni tó ni ín. Àdììtú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá ti mọ̀ délẹ̀délẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, a kò lè fura sí i, ẹni tí a kò sì lè fura sí kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ nínú irú ìwé yìí.

Òpùrọ́ ni Àjàdí. Ó dáa. Kí ló ń purọ́ nípa rẹ̀ ní alẹ́ tí alágogo pòórá? Jẹ́ kó purọ́ nípa ibi tó wà, kí a fura sí i fún orí mẹ́wàá gbáko, kó wá hàn pé ìtìjú ló ń bò mọ́lẹ̀. Ó lọ sétí omi láti lọ fi ara rẹ̀ hàn pé òun kò bẹ̀rù, ẹ̀rù bà á, ó sá padà. Ní orí 18 kó sọ òtítọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á gbọ́. E. M. Forster, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ lọ́dún 1927 pé ọ̀nà tí a fi ń dá ẹ̀dá ìtàn tó jinlẹ̀ mọ̀ ni pé ó lè yà wá lẹ́nu, kí a sì gbà pé òun náà ni. Òpùrọ́ tó sọ òtítọ́ tó sì jìyà rẹ̀, ìyẹn á yà mí lẹ́nu.

Atúnwèéṣe
Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alágbàṣe. Kó o tó tún orí kankan kọ, kọ ìtàn ọ̀daràn sílẹ̀ lójú ewé kan: ibi tó wà, ohun tó gbé, ẹni tó rí i, wákàtí sí wákàtí. Òǹkàwé kò ní í rí ojú ewé yẹn láé. Lẹ́yìn náà fa ìlà sórí ìwé, kí orí kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́ta: ohun tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ mọ̀, ohun tó gbà gbọ́, ohun tí òǹkàwé mọ̀. Àyè àkọ́kọ́ ni àdììtú rẹ. Àyè kejì ni ìdàgbàsókè tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí. Bí àyè kejì bá wà bó ṣe wà fún orí mẹ́rin tàbí márùn-ún léra wọn, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kú sí ọ lọ́wọ́. Ẹkún kò ní í jí i.

Bó o bá tún fún èèyàn kà, má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ní ìparí orí 10, orí 20 àti orí 26, ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fura sí àti ìdí. Bí gbogbo wọn bá kọ Olùkọ́ ní orí 10, o ti tú àṣírí jù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ ní orí 26, wọn yóò ní o rẹ́ àwọn jẹ.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Mo ti tún apá kan orí 26 kọ. Ẹ má ṣàánú mi:

*Mọ́rẹ̀nikẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tèmítọ́pẹ́ kò wo ẹ̀yìn. Èédú rẹ̀ ń dún ṣìkìṣìkì lára ògiri.*
*"Ta nìyí?" Ó nawọ́ sí ẹni gígùn tó dúró ti agogo.*
*Èédú dúró. Tèmítọ́pẹ́ wò ó lójú, ó wo ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé yóò fọwọ́ kan ògiri kó sì kọjá lọ bó ti máa ń ṣe. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.*
*Ó pẹ́. Nígbà tó yá, Tèmítọ́pẹ́ sún díẹ̀ fún un. Ó ya ọmọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni gígùn náà, ó sì fi ọ̀pá lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀.*
*Ìgbà náà ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ wá mọ̀ pé òun kò fetí sí àbúrò òun rí láyé.*

Ṣọ̀rọ̀sọ̀rọ̀
Yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn kúrò. Ọwọ́ tó ká sábẹ́ itan ti sọ ọ́.

Ìyá Ìkàwé
Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. "Sún díẹ̀ fún un" yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Akọ̀wé Kóòtù
Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà o. O ní Tèmítọ́pẹ́ di ọ̀pá alágogo mú lálẹ́ ọjọ́ náà. Nǹkan tí Tèmítọ́pẹ́ bá dì mú máa ń dákẹ́. Báwo wá ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣe gbọ́ ohùn Olùkọ́ lára ọ̀pá kan náà? Òfin rẹ ti pa ara rẹ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Yéè. Òótọ́ ni. Màá yọ ọ̀pá náà kúrò nínú àwòrán.

Adékíkà
Má yọ ọ́ o!!! Ojútùú nìyẹn! Bí Tèmítọ́pẹ́ bá di ọ̀pá náà mú gbẹ̀yìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó yẹ kó dákẹ́ ni. Ó sọ̀rọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan tún gbé e lẹ́yìn náà, ẹni tó mọ̀ pé Mọ́rẹ̀nikẹ́ á fọwọ́ kàn án. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Bàbá Àdììtú
Ọmọ dáadáa. Òun nìyẹn. Kò sì lè rí i láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jókòó ti àbúrò rẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù
Mo gba ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí àmì náà lè tọ́: òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti rí nǹkan kan tó dákẹ́ nítorí Tèmítọ́pẹ́ kó tó di orí 12 tí ọ̀pá yóò sọ̀rọ̀. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, kí èkejì má jọ pé o mọ̀ọ́mọ̀.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́
Síbí ní orí kejì, bí wọ́n ṣe ń jẹun. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ní orí keje, nígbà tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń bínú pé kò gbọ́ nǹkan kan, tí Àjàdí sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń lọ kọ ọ́ báyìí, ẹ má tíì ti ìjíròrò yìí pa.